Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Orlando Martins Lórí Ìtàgé Lọ́ńdọ̀nù

Nítorí àwọn òṣèré ni a ṣe tẹ Festac Town dó. Nígbà tí Nàìjíríà ń múra láti gba àlejò Àjọ̀dún Kejì fún Iṣẹ́-ọnà àti Àṣà Àwọn Ènìyàn Dúdú Àgbáyé, èyí tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, ìjọba kọ́ ìlú tuntun sí orí ilẹ̀ Àwórì ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, kí àwọn olórin, oníjó àti òṣèré tí ó ti orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 50 wá lè rí ibi dé sí. Àjọ̀dún parí, àwọn àlejò lọ, a sì pín àwọn ilé náà fún ará ìlú. Lónìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé ní àwọn òpópónà tí a fi nọ́ńbà dá mọ̀ wọ̀nyí ń ka ìwé eré-onítàn fún ìdánwò nínú ilé tí a kọ́ fún òṣèré. Síbẹ̀, bí a bá bi wọ́n léèrè ọmọ Èkó tí ó ti ń jẹun nídìí eré orí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù kí Hubert Ogunde tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ìwọ̀nba ni yóò lè dárúkọ Orlando Martins.

Ní ọdún tí àjọ̀dún náà wáyé, Martins ṣì wà láàyè ní Èkó, ẹni ọdún 77 sì ni. Ọdún 1985 ni ó tó papò dà. Àwọn tí ó mọ orúkọ rẹ̀ a sì máa pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan a máa yìn ín kìkì nítorí pé ó dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì bá àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká òṣèré dúró lórí ìtàgé kan náà. Àwọn kejì a máa bù ú kù pé ipa adáhunṣe búburú, ìránṣẹ́ àti baálẹ̀ ìgbèríko ni ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe fún ìdùnnú òyìnbó. Ìyìn ti àwọn àkọ́kọ́ kò kan iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èébú ti àwọn kejì kò sì kàn án. Lámèyítọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbé òṣèré ka orí òṣùwọ̀n méjì: kí ni òǹkọ̀wé fi sí i lẹ́nu, kí sì ni òun fúnra rẹ̀ fi kún un? Bí a bá ya méjèèjì sọ́tọ̀, a ó rí i pé ohun tí ó dín iṣẹ́ Martins kù kì í ṣe àìmọ̀-ọ́n-ṣe, bí kò ṣe pé gègé ìkọ̀wé kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ìṣòro yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí Martins. Ní New York, ní Broadway tí í ṣe òpópónà àwọn ilé ìṣeré ńlá, Bert Williams ti rí irú rẹ̀ ṣáájú. Nassau ní erékùṣù Bahamas ni a ti bí Williams ní 1874. Ní 1903, òun àti ẹnìkejì rẹ̀, George Walker, gbé eré olórin kan tí a pè ní In Dahomey jáde ní Broadway. Ènìyàn dúdú ni ó kọ ọ́, ènìyàn dúdú ni ó ṣe é, ìyẹn sì jẹ́ ohun tuntun ní ilé ìṣeré ńlá bẹ́ẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ṣe é ní ààfin ọba. Láti 1910 ni Williams ti wà nínú eré Ziegfeld Follies, ó di gbajúmọ̀, òkìkí rẹ̀ sì kàn títí ó fi kú ní 1922. Ṣùgbọ́n láàrin gbogbo ògo yìí, Williams, ọmọ adúláwọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ra díẹ̀, ní láti fi kọ́ọ̀kì tí a sun kun ojú ara rẹ̀ kí ó tó yọ sí àwọn òǹwòran. Dúdú tí ó jẹ́ kò tó wọn. Àwòrán dúdú tí ó wà lọ́kàn wọn ni wọ́n fẹ́. A lè wá bi ara wa pé: nígbà tí ọmọ Èkó dé orí ìtàgé Lọ́ńdọ̀nù, irú kọ́ọ̀kì wo ni wọ́n gbé fún un?

Ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 1899 ni a bí Martins ní Èkó, orúkọ ìdílé rẹ̀ sì tọ́ka sí àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bùràsíìlì padà wálé. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Eko Boys' High School, ṣùgbọ́n kò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ó ṣiṣẹ́ ìdáná nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá Mauretania. Lẹ́yìn ogun, ó fìdí kalẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù. Kò bá ilé ìwé kankan níbẹ̀ tí yóò kọ́ ọmọ adúláwọ̀ aláìlówó ní eré ṣíṣe. Ó ṣe aṣọ́de, ó ja ìjàkadì fún owó, ó sì fi ejò ṣeré nínú ẹgbẹ́ eré ẹranko tí ń rìn kiri. Bí a bá fi ojú lámèyítọ́ wo àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí, a ó rí i pé gbogbo wọn ni ó jẹ mọ́ ara, tí kò sì jẹ mọ́ ọ̀rọ̀. Ènìyàn gíga, alágbára ni Martins, ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀ bí ohùn ìyá ìlù. Ara rẹ̀ ni Lọ́ńdọ̀nù kọ́kọ́ rà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó béèrè ohùn rẹ̀.

Ní 1928, eré olórin Show Boat ti Amẹ́ríkà dé ilé ìṣeré Drury Lane, Paul Robeson sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọrin níbẹ̀. Martins wà lára àwọn adúláwọ̀ tí ó rí iṣẹ́ nínú eré náà. Ní 1935, òun àti Robeson tún jọ wà nínú Stevedore, eré kan tí ó dá lórí ìyà tí ń jẹ àwọn òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ èbúté ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ipa tí ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn sí jù ni èyí tí ó ṣe ní oṣù kẹta ọdún 1936 ní ilé ìṣeré Westminster. Eré náà ni Toussaint Louverture, tí C. L. R. James, ọmọ Trinidad, kọ lórí bí àwọn ẹrú Haiti ṣe gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé. Robeson ṣe Toussaint. Martins ṣe Boukman.

Ta ni Boukman? Òun ni aṣáájú àwọn ẹrú tí ó pe àpèjọ òru nínú igbó ní 1791, níbi tí wọ́n ti mulẹ̀ kí ọ̀tẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Abọrẹ̀ ni, nínú ẹ̀sìn tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Dàhọ̀mì àti àyíká rẹ̀, tí a sì ń bá orúkọ Ògún pàdé nínú rẹ̀ títí di òní. Nínú eré James, abọrẹ̀ yìí kì í ṣe òpùrọ́, kì í ṣe apanilẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó sọ ogunlọ́gọ̀ ẹrú di ọmọ ogun. Ẹ jẹ́ kí a ro bí yóò ti rí nígbà tí ohùn rírinlẹ̀ yẹn bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pàdé. Òṣèré rí ọ̀rọ̀ tí ó tó ohùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì rí ohùn tí ó tó o. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ayọ̀ náà, bí a bá fi wé gígùn iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ìgbà méjì ṣoṣo ni wọ́n ṣe eré náà, kò sì wọ inú àwọn eré tí a ń ṣe lóṣù lóṣù.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Martins tún ṣe abọrẹ̀. Ní 1946 ni sinimá Men of Two Worlds jáde, Thorold Dickinson ni ó darí rẹ̀. Ìtàn náà wáyé ní Tanganyika, níbi tí àìsàn oorun ti ń pa àwọn ará abúlé, tí ìjọba òyìnbó sì fẹ́ kí wọ́n kó kúrò níbi tí eṣinṣin tsetse pọ̀ sí. Kisenga, olórin tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Yúróòpù, ni ó padà wálé láti ran ìjọba lọ́wọ́. Robert Adams, ọmọ Guyana, ni ó ṣe é. Magole, adáhunṣe abúlé, ni ó dìde takò ó. Martins ni ó ṣe èyí. Ìpayà ni agbára Magole. Kisenga pè é níjà, ẹ̀rù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀mọ̀wé náà kí ó tó yè.

Bí a bá fi Boukman àti Magole sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ̀kọ́ ìfìwàwẹ̀dá tí ó ṣe kedere ni a rí. Òṣèré kan náà ni. Ara kan náà, ohùn kan náà. Irú ènìyàn kan náà ni wọ́n ní kí ó jẹ́: aláwo láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ gègé James, awo ni orísun ìgboyà. Lábẹ́ gègé àwọn tí ó kọ Men of Two Worlds, awo ni ọ̀tá ìlera àti ìlọsíwájú. Kì í ṣe ẹ̀yìn tí sinimá náà jáde nìkan ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí èyí. Ní 1943, nígbà tí wọ́n ṣì ń palẹ̀ iṣẹ́ náà mọ́, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù, èyíinì ni WASU tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní 1925, ti fi ẹ̀hónú hàn sí ìjọba pé ìtàn náà tàbùkù ènìyàn dúdú. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wo sinimá náà yóò rí i pé Martins kò ṣe Magole bí òmùgọ̀. Ó ṣe é bí àgbà tí ó dá ara rẹ̀ lójú, tí kò pariwo, tí ó mọ̀ pé ilẹ̀ tí òun dúró lé, ilẹ̀ òun ni. Òǹkọ̀wé fún un ní ibi. Òun fi iyì kún un. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní 1945, eré Amẹ́ríkà kan tí John Patrick kọ, The Hasty Heart, tí ó ti kọ́kọ́ jáde ní Broadway ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, dé ilé ìṣeré Aldwych ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1949, wọ́n sọ ọ́ di sinimá. Richard Todd, Patricia Neal àti Ronald Reagan, ẹni tí ó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1981, wà nínú rẹ̀. Martins ni ó ṣe Blossom lórí ìtàgé Lọ́ńdọ̀nù, òun náà ni ó sì ṣe é nínú sinimá. Ipa yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n jù.

Ilé ìwòsàn àwọn ológun ní Bọ́mà ni ibùdó ìtàn. Lachie, ọmọ ogun ará Skọ́tílándì, agbéraga ènìyàn tí kò gba oore lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, yóò kú láìpẹ́, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Wọ́n ní kí àwọn aláìsàn yòókù bá a ṣe ọ̀rẹ́. Blossom, ọmọ ogun adúláwọ̀, wà láàrin wọn. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí dé òpin: orúkọ rẹ̀. Nígbà tí Lachie mọ̀ pé ikú ń bọ̀, ó ní àánú lásán ni gbogbo wọn fi bá òun ṣe ọ̀rẹ́, ó sì kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Blossom mú ìlẹ̀kẹ̀ wá fún un. Ó kọ̀ ọ́. Ìgbà tí a là á yé e pé Blossom kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, pé kò lè mọ̀ nípa àìsàn rẹ̀, pé ìfẹ́ ni ó mú un fún ni ní ìlẹ̀kẹ̀, ni ọkàn líle náà tó rọ̀.

Ohun méjì ni a gbọ́dọ̀ sọ nípa ipa yìí, kí a má sì fi ọ̀kan pa èkejì mọ́lẹ̀. Èkíní ni pé gbogbo eré náà rọ̀ mọ́ Blossom. Àwọn tí ń sọ̀rọ̀ kò lè yí Lachie lọ́kàn padà. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ ni ó yí i. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Martins fi ojú, ọwọ́ àti ìjókòó sọ ohun tí kò sí nínú ìwé eré. Iṣẹ́ tí ó le jù ni ó ṣe níbẹ̀, èyíinì ni gbígbọ́. Nígbà tí àwọn yòókù ń jiyàn, ó ní láti jókòó bí ẹni tí ìró lásán ń lu etí rẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ tú u fó pé òun gbọ́ ìtumọ̀. A sì gbọ́dọ̀ rántí pé ẹni yìí ti gbé Lọ́ńdọ̀nù fún nǹkan bí ọdún 25. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké. Láti mọ̀, kí a sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, láìdi apanilẹ́rìn-ín, kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé.

Èkejì ni pé ọgbọ́n òǹkọ̀wé náà gan-an ni àbùkù rẹ̀. Ìdí tí Blossom fi jẹ́ ẹni rere jù nínú eré náà ni pé kò mọ ohun tí ń lọ. Oore rẹ̀ dájú nítorí pé kò lóye. Bí ó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, òun náà ìbá wọ inú ìfura. Nítorí náà, kí adúláwọ̀ tó lè jẹ́ ènìyàn gidi nínú eré yìí, ó gbọ́dọ̀ yadi. Kọ́ọ̀kì tí Bert Williams fi kun ojú ní New York ni wọ́n fi dí ẹnu Martins ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkùnrin tí Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ sí olóhùn gbẹ̀du ni wọ́n fún ní ọ̀rọ̀ kan.

Ní 1945 yìí kan náà, ẹ jẹ́ kí a wo Èkó. Hubert Ogunde, ọlọ́pàá tí ó ti gbé eré àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní Glover Memorial Hall ní 1944, ṣe eré Strike and Hunger lórí ìyanṣẹ́lódì ńlá tí àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ṣe ní ọdún náà. Òun ni ó kọ ọ́, òun ni ó darí rẹ̀, òun náà sì ṣeré nínú rẹ̀. Nígbà tí ó gbé e dé Jos ní 1946, àwọn aláṣẹ ìjọba amúnisìn dí i lọ́wọ́, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ogunde sọ ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ débi pé ìjọba bẹ̀rù rẹ̀. Martins sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. A kò lè torí èyí sọ pé Ogunde mọ eré ṣe ju Martins lọ. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé Ogunde ni ó ni gègé, tí ó ni ẹgbẹ́, tí ó sì ni òǹwòran tí wọ́n gbọ́ èdè rẹ̀. Martins ní ẹ̀bùn. Ẹlòmíràn ni ó ni yòókù.

Ẹnìkan lè sọ pé, kí ló dé tí kò padà wálé ní kíá? Ìbéèrè náà rọrùn fún ẹni tí ó jókòó. Nígbà tí Martins bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn ọdún 1920, ẹgbẹ́ òṣèré tí ń gbowó oṣù fún òṣèré kò sí ní Èkó. Nígbà tí ó sì padà wálé ní ìparí àwọn ọdún 1950, ó ti dàgbà. Síbẹ̀, orí kò kọ̀ fún un pátápátá. Ní 1970, ó wà nínú sinimá Kongi's Harvest tí Wọlé Ṣóyínká kọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó wà nínú sinimá tí a ṣe láti inú ìwé Chinua Achebe. Ẹni àádọ́rin ọdún ni kí gègé ilé tó kàn án. Kódà nígbà náà, ará òkè òkun ni ó darí sinimá méjèèjì: Ossie Davis láti Amẹ́ríkà, àti Hansjürgen Pohland láti Jámánì.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò lè rí dì mú nínú ìtàn yìí? Bí ìbéèrè bá wá lórí ẹ̀dá-ìtàn, kí ó má ṣe ka iye ọ̀rọ̀ tí ẹ̀dá-ìtàn sọ, kí ó fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n pàtàkì rẹ̀. Kí ó béèrè ohun tí yóò bàjẹ́ nínú ìtàn bí a bá yọ ẹ̀dá-ìtàn náà kúrò. Yọ Blossom kúrò, The Hasty Heart wó. Lẹ́yìn èyí, kí ó béèrè ìdí tí òǹkọ̀wé fi fún un ní ọ̀rọ̀ tàbí tí ó fi dù ú. Ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ̀dá-ìtàn fúnra rẹ̀ yàn yàtọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́ tí a fi lé e lórí. Ní ìkẹyìn, kí ó ya iṣẹ́ òǹkọ̀wé sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ òṣèré, kí ó má ṣe fi ẹ̀ṣẹ̀ gègé bú ẹnu tí ó kà á.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí sí inú ìwé ìdánwò. Láti Festac Town dé ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ kò jìnnà, ọjà náà sì wà lára àwọn ibi tí fíìmù wa ti máa ń tàn kálẹ̀. Ọ̀dọ́ púpọ̀ ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ni ó ń fẹ́ ṣe òṣèré, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń wojú òkè òkun. Kò sí ẹni tí yóò dí wọn lọ́nà, Martins pàápàá lọ. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tí ó bá ń lọ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò kọ ohun tí òun yóò sọ. Kí èyí tí kò lọ sì mú ìwé, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Martins gba ohun tí ó kéré sí ààbọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di odidi. Ó yẹ kí àwọn tí ń gbé ìlú tí a kọ́ fún òṣèré mọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì mọ iye tí ó ná an.